Àmì Ara Purotéènì, Ìlò-Oúnjẹ àti Ìdàgbà Sẹ́ẹ̀lì Jẹjẹrẹ: Ìlànà Àlàyé fún Olùkọ́ Èdè Yorùbá ní Ṣómólú àti Bárígà

Ìfáárà

Àrùn jẹjẹrẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì mọ́ ní Ṣómólú àti Bárígà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ti ilé ìwòsàn àti ti orí rédíò nìkan, ó wọ inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Oṣù náà ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó ń dènà fáírọ́ọ̀sì HPV, èyí tí ó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Ìpínlẹ̀ Èkó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí a fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ bá dé ilé-ẹ̀kọ́, olùkọ́ ni ó sún mọ́ òbí jù, kì í ṣe dókítà. Bí olùkọ́ bá ní ìmọ̀ tí kò ní èdè tí yóò fi sọ ọ́, ìmọ̀ náà kò lè dé ọ̀dọ̀ ìyá tí ó ń ta ẹja ní etí ọ̀sà Bárígà. Bí ó bá sì ní èdè tí kò ní ìmọ̀, àhesọ ni yóò máa fi èdè náà gbé kiri.

Iṣẹ́ yìí gbé ẹ̀ka kan nínú ìmọ̀ jẹjẹrẹ yẹ̀ wò, ìyẹn ni bí àwọn àmì kéékèèké tí sẹ́ẹ̀lì ń lẹ̀ mọ́ ara purotéènì ṣe ń yí ìlò-oúnjẹ àti ìdàgbà sẹ́ẹ̀lì padà. Kókó tí ó fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé jẹjẹrẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àyànmọ́ lásán. Apá tí ó pọ̀ nínú ìwà burúkú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ wá láti ara àmì tí a fi sí ibi tí kò yẹ, tàbí tí a kò pa rẹ́ nígbà tí ó yẹ. Ohun tí ó ṣe é fi sí ṣe é pa rẹ́, ó sì ṣe é dènà. Èdè Yorùbá, tí àmì ohùn ti jẹ́ ara ìkọsílẹ̀ rẹ̀, ní ohun èlò tí ó lè fi sọ èyí láìsí ìnira.

Èrò pé èdè Yorùbá lè gbé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí a ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn iṣẹ́ mìíràn yàtọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àbájáde ètò náà fi hàn pé àwọn ọmọ wọ̀nyí kò gbẹ́yìn. Wọ́n tilẹ̀ ṣe dáradára ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Ohun tí ó kù fún olùkọ́ òde òní ni kí ó mú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dé orí ìmọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde.

Ọ̀rọ̀ Tí Ó Yẹ Kí Olùkọ́ Lò

Ìṣòro àkọ́kọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ bá mú lò. Nínú ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ, èròjà amáradàgbà ni a ń pe purotéènì. Ọ̀rọ̀ náà dára fún ẹ̀kọ́ oúnjẹ, nítorí iṣẹ́ tí ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja ń ṣe nínú ara ni ó ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé èròjà amáradàgbà tí ó yíwọ́ ni ó ń ti jẹjẹrẹ lẹ́yìn, ọmọ náà lè délé kí ó kọ ẹ̀wà ní jíjẹ. Purotéènì tí iṣẹ́ yìí dá lé kì í ṣe èyí tí ó wà nínú àwo. Nígbà tí oúnjẹ bá dà nínú ikùn, ara a máa tú purotéènì inú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, sẹ́ẹ̀lì yóò sì kó wẹ́wẹ́ náà jọ láti fi to purotéènì tirẹ̀ ní ìbámu pẹ̀lú ìlànà tí ó bá wáyé. Ìdí nìyí tí a fi ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ níhìn-ín: èròjà amáradàgbà fún ti oúnjẹ, purotéènì fún irinṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì.

Ọ̀rọ̀ kejì ni orúkọ àrùn náà fúnra rẹ̀. Orúkọ tí àwọn ará Yúróòpù fún un, tí ó ti inú èdè Gíríìkì àti Látìn wá, akàn ni ó túmọ̀ sí. Ìrísí ni wọ́n wò. Jẹjẹrẹ ní tirẹ̀, bí ó ti ń dún sí etí, ń rán ni létí ohun tí ń jẹ, tí ń jẹ síwájú díẹ̀díẹ̀. Ìṣe ni orúkọ Yorùbá dà bí ẹni pé ó wò. Èyí ṣe pàtàkì fún olùkọ́, nítorí bí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ṣe ń jẹun ni ìdí ọ̀rọ̀ yìí gan-an.

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin mìíràn ni iṣẹ́ yìí yóò máa lò. Ìlò-oúnjẹ ni gbogbo ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì ń gbà sọ oúnjẹ di agbára àti ohun ìkọ́lé. Àmì-àfikún ni ohun kékeré tí a lẹ̀ mọ́ purotéènì lẹ́yìn tí a ti tò ó tán. Asààmì ni purotéènì tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti fi àmì sí ara purotéènì mìíràn. Apàmìrẹ́ ni èyí tí ń yọ àmì náà kúrò.

Láti Orí Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Ṣómólú Dé Inú Sẹ́ẹ̀lì

Òkìkí Ṣómólú kàn ní Èkó nítorí iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Nínú àwọn òpópó rẹ̀ ni a ti ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ, tí a sì ń rí àwọn tí ń gé ìwé, tí ń ká a, tí ń rán an, tí ń fi nọ́ńbà sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó dàgbà ní àdúgbò yìí ti mọ ohun kan tí ó wúlò fún ẹ̀kọ́ yìí: iṣẹ́ kì í parí nígbà tí ìwé bá jáde lẹ́nu ẹ̀rọ.

Ìwé rìsíìtì jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó dára. Ẹ̀rọ lè tẹ ẹgbẹ̀rún kan jáde láti ara plétì kan ṣoṣo, kí gbogbo wọn sì jọ ara wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí òǹtàjà bá lu òǹtẹ̀ ‘a ti san án’ lé ọ̀kan, ó di ẹ̀rí. Bí ó bá lu òǹtẹ̀ ‘a ti fagi lé e’ lé òmíràn, ó di àjákù bébà tí ń lọ sínú àpò. Ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ sórí méjèèjì kò yàtọ̀. Òǹtẹ̀ ni ó pín wọn níyà.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí nínú sẹ́ẹ̀lì. Jíìnì dúró bíi plétì ìtẹ̀wé. Àwọn jíìnì tí ń gbé ìlànà purotéènì nínú ara ènìyàn tó nǹkan bí 20,000. Purotéènì ni ìwé tí ó jáde. Àmì-àfikún ni òǹtẹ̀. Nítorí òǹtẹ̀ wọ̀nyí, purotéènì kan lè ṣe oríṣìíríṣìí iṣẹ́, ó lè jí tàbí kí ó sùn, ó lè wà pẹ́ tàbí kí ó parun láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá tún ní àpẹẹrẹ mìíràn lọ́wọ́. Lẹ́tà ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kò yàtọ̀. Àmì orí wọn ni ó sọ ọ̀kan di olórí ilé, tí ó sọ èkejì di irinṣẹ́ àgbẹ̀, ẹ̀kẹta di ohun ìrìnnà, ẹ̀kẹrin sì di ohun ìjà. Olùkọ́ tí ó ti ń bá akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jà pé kí wọ́n má ṣe fo àmì ohùn ti fi ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí lélẹ̀ láìmọ̀. Síbẹ̀, ó yẹ kí ó sọ ibi tí àfiwé náà dúró sí. Àmì ohùn ń fi ohun tí ẹnu ti sọ hàn lórí ìwé ni. Àmì-àfikún inú sẹ́ẹ̀lì ní tirẹ̀ jẹ́ nǹkan gidi tí ó ní ìwọ̀n, tí a sì fi kún purotéènì lóòótọ́.

Oríṣìí Àmì àti Iṣẹ́ Wọn

Àmì-àfikún pọ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn tó fún ẹ̀kọ́ kíláàsì. Èkíní ni fọ́sífeètì. Agbára iná tí ó jẹ́ ti òdì wà lára fọ́sífeètì. Nígbà tí a bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ purotéènì, apá kan purotéènì náà yóò fà mọ́ ọn, apá mìíràn yóò sì sá fún un. Ìrísí purotéènì yóò yí padà, iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì yí padà pẹ̀lú. Edmond Fischer àti Edwin Krebs ni wọ́n ṣàwárí ọ̀nà yìí ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1955, tí wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní ọdún 1992. Ó yẹ fún àkíyèsí pé purotéènì tí wọ́n ń yẹ̀ wò ni èyí tí ń tú ṣúgà tí iṣan ara tò pamọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ọ̀rọ̀ àmì-àfikún àti ọ̀rọ̀ oúnjẹ kò pín yà. Asààmì tí ń lo fọ́sífeètì nínú ara ènìyàn ju 500 lọ.

Èkejì ni ubiquitin, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ purotéènì kékeré. Nígbà tí a bá so ọ̀wọ́ rẹ̀ mọ́ purotéènì kan lọ́nà tí a mọ̀ jù, òǹtẹ̀ ‘a ti fagi lé e’ ni. Ẹ̀rọ kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì tí ń gba ohun tí a lu òǹtẹ̀ yìí lé, tí ń gé e wẹ́wẹ́ kí a lè tún fi wẹ́wẹ́ rẹ̀ to òmíràn. Aaron Ciechanover, Avram Hershko àti Irwin Rose gba ẹ̀bùn Nobel fún àwárí yìí ní ọdún 2004.

Ẹ̀kẹta ni àwọn àmì tí a ń fà yọ tààrà láti inú oúnjẹ, bí asẹ́táìlì àti irú ṣúgà kan tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe láti ara glúkóòsì. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti di àyípo. Àmì ń darí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń jẹun, oúnjẹ tí sẹ́ẹ̀lì jẹ sì ń pèsè ohun tí a fi ń ṣe àmì. Sẹ́ẹ̀lì tí ó bá ti ń jẹ àjẹjù yóò ní ohun èlò púpọ̀ láti fi sààmì, àmì tí ó pọ̀ náà sì lè tì í láti tún jẹ sí i.

Sẹ́ẹ̀lì Tí Ó Ta Mọ́tò Ra Kẹ̀kẹ́

Ní Èkó, orí Alájọ Ṣómólú ni a fi ń júwe orí pípé: ẹni tí a ní ó ń gba àjọ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, tí kò sì ṣi owó ẹnì kan san fún ẹlòmíràn. Òun náà ni a ní ó ta mọ́tò tí ó fi owó rẹ̀ ra kẹ̀kẹ́. Lójú ẹni tí kò ronú jìnlẹ̀, òfò ni èyí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àjọ jẹ́ iṣẹ́ ojúlé dé ojúlé, kẹ̀kẹ́ sì ń wọ kọ̀rọ̀ tí mọ́tò kò lè wọ̀.

Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ń ṣe ohun tí ó jọ èyí. Sẹ́ẹ̀lì tí ó wà ní àlàáfíà, bí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn bá wà, a máa jó glúkóòsì tán pátápátá, ẹyọ kan a sì fún un ní ẹyọ agbára tí ó tó nǹkan bí 30. Ọ̀nà mọ́tò nìyí. Ọ̀nà kejì a máa tú glúkóòsì sí méjì láìlo ọ́síjìn, a sì sọ ọ́ di ásíìdì. Ẹyọ agbára méjì péré ni èrè rẹ̀. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ nìyí. Ní àwọn ọdún 1920, Otto Warburg ní Jámánì ṣàkíyèsí pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ a máa gba ọ̀nà kẹ̀kẹ́ bí ọ́síjìn tilẹ̀ wà lọ́pọ̀lọpọ̀. Ó gbàgbọ́ pé ẹ̀rọ tí ń jó oúnjẹ nínú sẹ́ẹ̀lì náà ti bàjẹ́ ni. Ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e fi hàn pé nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ, ẹ̀rọ náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìdí mìíràn wà. Ẹni tí ó ń kọ́lé kì í fi gbogbo pákó rẹ̀ dáná. Sẹ́ẹ̀lì tí ó fẹ́ pín sí méjì nílò ọ̀rá, purotéènì àti ohun tí a fi ń ṣe jíìnì. Bí ó bá jó gbogbo glúkóòsì tán, kò ní rí ohun tí yóò fi kọ́ èkejì rẹ̀.

Àmì-àfikún ni ó ń ṣí ọ̀nà yìí. Purotéènì kan tí a ń pè ní PKM2 dúró sí ìparí ìtúká glúkóòsì. Nígbà tí asààmì bá lẹ fọ́sífeètì mọ́ ọn ní ibi kan pàtó, iṣẹ́ rẹ̀ a falẹ̀, èròjà tí ó yẹ kí ó kọjá a sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń tò nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Ohun tí ó tò yìí ni sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ń yà lọ fún ìkọ́lé.

Àpẹẹrẹ kejì ni HIF, purotéènì tí ń kéde pé afẹ́fẹ́ kò tó. Nígbà tí ọ́síjìn bá wà, ọ́síjìn náà gan-an ni a fi ń sààmì sí ara HIF. Àmì yìí ni ó ń pe ubiquitin wá, HIF a sì parun. Nígbà tí ọ́síjìn bá wọ́n, bí ó ti ń rí ní àárín kókó jẹjẹrẹ tí ó ń yára dàgbà, kò sí ohun tí a ó fi sààmì. HIF a wà láàyè, a sì pàṣẹ kí a ṣí ilẹ̀kùn tí glúkóòsì ń gbà wọlé sí i, kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun sì hù wá síbẹ̀. William Kaelin, Peter Ratcliffe àti Gregg Semenza gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2019 fún iṣẹ́ tí ó tú àdììtú bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń mọ ìwọ̀n ọ́síjìn yìí.

Asààmì Tí Kò Mọ Ìdúró: Ẹ̀rí láti Ilé-Ifẹ̀

Ibi tí ó hàn gbangba jù lọ ní ilẹ̀ Yorùbá pé a lè dá asààmì dúró ni ilé ìwòsàn. Irú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ kan wà tí a ń pè ní CML. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí kúrómósóòmù kẹsàn-án àti ìkejìlélógún bá gé, tí wọ́n sì ṣe pàṣípààrọ̀ apá kan ara wọn. Ìsopọ̀ òdì yìí a bí purotéènì kan tí a ń pè ní BCR-ABL. Asààmì ni. Asààmì tòótọ́ a máa ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá pè é, a sì sinmi nígbà tí iṣẹ́ bá tán. BCR-ABL kì í sinmi. Ó ń lẹ fọ́sífeètì mọ́ purotéènì tí ó wà láyìíká rẹ̀ tọ̀sán-tòru, bí akọ̀wé tí ń lu òǹtẹ̀ lé gbogbo ìwé tí ó bá rí. Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ a gba àṣẹ pé kí ó máa jẹ ṣúgà, kí ó máa pín, kí ó má sì kú.

Oògùn tí a ń pè ní imatinib, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 2001, a máa wọ inú ihò tí BCR-ABL ń gbà mú fọ́sífeètì, a sì dí i. Bí asààmì kò bá rí ohun tí yóò fi sààmì, àwọn apàmìrẹ́ a ráyè yọ èyí tí ó ti wà nílẹ̀ kúrò. Àyẹ̀wò tí a ṣe sí irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ní yàrá ìwádìí fi hàn pé lẹ́yìn tí oògùn bá dé, ìwọ̀n glúkóòsì tí wọ́n ń gbà wọlé a dín kù. Asààmì kan ṣoṣo ni a dá dúró. Àtijẹ àti ìdàgbà ni ó jọ fà sẹ́yìn.

Ní ọdún 2003, Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tí ó ní CML ní oògùn yìí lọ́fẹ̀ẹ́, nípasẹ̀ ètò ìrànlọ́wọ́ tí ilé-iṣẹ́ Novartis àti àjọ Max Foundation jọ gbé kalẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Muheez Dúrósinmí wà lára àwọn oníṣègùn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2008. Àwọn aláìsàn ń ti oríṣìíríṣìí ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà wá sí Ifẹ̀ fún un. Oògùn tí a ń fi omi gbé mì lójoojúmọ́ ni. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ pé kò sí ẹni tí jẹjẹrẹ mú tí ó ń yè yẹ kí ó gbọ́ ìtàn yìí pẹ̀lú.

Ìtàn kan náà tún kọ́ni ní ìkíyèsára. Kì í ṣe gbogbo jẹjẹrẹ ni ó ní asààmì kan ṣoṣo tí a lè dá dúró. Nínú jẹjẹrẹ ọyàn, àwọn kan wà tí asààmì HER2 ti pọ̀ jù lára sẹ́ẹ̀lì wọn. Oògùn wà fún èyí. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn kò ní àpọ̀jù HER2, wọn kò sì ní ibi tí họ́mọ́ọ̀nù ń so mọ́. Ìwádìí, tí ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn wà lára rẹ̀, fi hàn pé irú èyí wọ́pọ̀ láàrin àwọn obìnrin ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ju láàrin àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun lọ. Nítorí náà ni àyẹ̀wò fi gbọ́dọ̀ ṣáájú oògùn.

Òǹtẹ̀ Ìparun Lórí Ẹ̀ṣọ́: HPV àti Ọmọbìnrin Bárígà

Ohun tí BCR-ABL ń ṣe ni fífi àmì tí ń jí nǹkan sí ibi tí kò yẹ. HPV ń gba ọ̀nà mìíràn. Òǹtẹ̀ ìparun ni ó ń lò. Purotéènì kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì tí a ń pè ní p53. Ẹ̀ṣọ́ ni. Bí jíìnì bá fara pa, p53 a dá ìpínsíméjì sẹ́ẹ̀lì dúró títí a ó fi tún un ṣe. Bí àtúnṣe kò bá ṣeé ṣe, a pàṣẹ kí sẹ́ẹ̀lì náà kú. Ó tún ń ṣọ́ oúnjẹ: a máa ti ọ̀nà mọ́tò lẹ́yìn, a sì máa fa ìjánu ọ̀nà kẹ̀kẹ́.

Nígbà tí oríṣìí HPV tí ó léwu bá wọ sẹ́ẹ̀lì ẹnu ilé-ọmọ, ó ń bí purotéènì tí a ń pè ní E6. E6 kò fọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹ̀ṣọ́. Ó mú ọ̀kan nínú àwọn asààmì tí ó jẹ́ ti sẹ́ẹ̀lì náà fúnra rẹ̀, ó fà á wá sọ́dọ̀ p53, ó sì mú kí ó so ubiquitin mọ́ ọn. Ẹ̀rọ tí ń gé àjákù kò mọ̀ pé ìwé tòótọ́ ni a lu òǹtẹ̀ èké lé. Ó gé e. Kò sí ohun tí ó ṣe plétì p53; bí a bá wo jíìnì rẹ̀, ó lè pé pérépéré. Ìwé tí ń jáde láti ara rẹ̀ ni a kò jẹ́ kí ó pẹ́. Purotéènì kejì fáírọ́ọ̀sì náà, E7, a tún mú ẹ̀ṣọ́ mìíràn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹ̀ṣọ́ kò bá sí mọ́, jíìnì tí ó fara pa a máa kó jọ lọ́dún dé ọdún, títí sẹ́ẹ̀lì yóò fi di jẹjẹrẹ.

Harald zur Hausen ní Jámánì ni ó kọ́kọ́ fi hàn pé HPV 16 àti 18 wà nínú jẹjẹrẹ yìí, ní ọdún 1983 àti 1984. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2008. Oríṣìí méjèèjì yìí ni ó ń fa nǹkan bí ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ ní gbogbo àgbáyé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí HPV wọ ara rẹ̀ ni ara rẹ̀ ń lé e lọ láàrin ọdún díẹ̀. Èyí tí kò bá lọ ni ó léwu, ó sì lè gba ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó di jẹjẹrẹ.

Ìdí nìyí tí a fi ń fún ọmọ ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ náà. Nípasẹ̀ ìbálòpọ̀ ni fáírọ́ọ̀sì yìí ń gbà ràn; abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀, nítorí kì í lé ohun tí ó ti wọlé jáde. Abẹ́rẹ́ náà kò ní fáírọ́ọ̀sì tí ó wà láàyè nínú, kò ní E6, kò sì ní E7. Èèpo ìta HPV lásán ni, tí a fi ń kọ́ ara láti dá ọ̀tá mọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Nàìjíríà ń fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Àhesọ tí ó ní abẹ́rẹ́ náà ń ba ilé-ọmọ jẹ́ ti dojú ọ̀rọ̀ dé: ilé-ọmọ ni ó wá dáàbò bò. Fún àwọn ìyá tí ọjọ́ orí wọn ti kọjá ti abẹ́rẹ́ yìí, àyẹ̀wò ẹnu ilé-ọmọ ni ọ̀nà ààbò, nítorí ó lè rí ìyípadà inú sẹ́ẹ̀lì kí ó tó di jẹjẹrẹ.

Ìlò Rẹ̀ Nínú Kíláàsì

Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ tí ó bá lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni ní Ṣómólú tàbí Bárígà lè pín ẹ̀kọ́ yìí sí ìpele mẹ́ta. Ní ìpele kìíní, kí ó kọ ọ̀rọ̀ kan sójú pátákó láìsí àmì, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì fi oríṣìíríṣìí àmì sí i. Ní ìpele kejì, kí ó pín ìwé rìsíìtì tí ó bá ara mu, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lu òǹtẹ̀ tirẹ̀ lé e, kí wọ́n sì sọ ohun tí ìwé náà dà. Kí ọmọ kan jẹ́ asààmì, kí òmíràn jẹ́ apàmìrẹ́. Kí olùkọ́ wá pàṣẹ pé kí apàmìrẹ́ jókòó, kí gbogbo kíláàsì rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ní ìpele kẹta ni kí ó tó dárúkọ fọ́sífeètì, ubiquitin àti p53. Ohun tí a mọ̀ ni a fi ń wá ohun tí a kò mọ̀.

Àṣìgbọ́ mẹ́ta ni olùkọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Èkíní ni ti ṣúgà. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé jẹjẹrẹ fẹ́ràn glúkóòsì lè rò pé bí a bá fi ebi pa aláìsàn, àrùn náà yóò kú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dọ̀ a máa ṣe glúkóòsì fúnra rẹ̀ bí ènìyàn kò tilẹ̀ jẹun, aláìsàn tí ó rù sì lè má lè fara da ìtọ́jú. Èkejì ni ti àkóràn: HPV ń ràn, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ kì í ràn láti ara aláìsàn sí ara ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀, nítorí náà kò sí ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ ya àwo tàbí ibùsùn rẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹ̀kẹta ni ti aràn ìdílé. Àwọn jẹjẹrẹ kan ń tẹ̀ lé ẹbí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. BCR-ABL, fún àpẹẹrẹ, kì í ti ọ̀dọ̀ òbí wá.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ohun tí purotéènì ń ṣe kò dúró lórí bí a ṣe tò ó nìkan, ṣùgbọ́n lórí àmì tí a lẹ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú. Àmì wọ̀nyí ni ó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì ìgbà tí yóò jẹun, ohun tí yóò fi oúnjẹ náà ṣe, ìgbà tí yóò pín àti ìgbà tí yóò kú. Nínú jẹjẹrẹ, asààmì lè kọ̀ láti sinmi, tàbí kí òǹtẹ̀ ìparun bọ́ sórí ẹ̀ṣọ́. Oògùn tí a ti ń lò ní Ilé-Ifẹ̀ láti ọdún 2003 ń dá asààmì dúró. Abẹ́rẹ́ tí ó dé Èkó ní ọdún 2023 kò ní jẹ́ kí ẹni tí ń fi òǹtẹ̀ èké jẹun wọlé rárá.

Ó yẹ kí ẹ̀ka èdè Yorùbá ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ bá ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì jókòó láti fohùn ṣọ̀kan lórí èdè-ìperí irú ìmọ̀ báyìí, kí olùkọ́ kan má baà máa pe asààmì ní ohun tí òmíràn kò mọ̀. Ó yẹ pẹ̀lú kí a máa fún akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ ní àǹfààní láti ṣàlàyé irú ẹ̀kọ́ yìí ní Yorùbá ṣáájú ìdánrawò ìkọ́ni wọn. Nígbà tí àwọn tí ń fúnni ní abẹ́rẹ́ bá tún wọ ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, tí òbí sì béèrè ohun tí a fẹ́ ṣe sí ọmọ òun, kí ó bá olùkọ́ tí ó lè dá a lóhùn.